Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà: ọwọ́ ara wa la fi ń da epo píkọ́ọ̀pù wa nù

 

Ọ̀rọ̀ òní lè bí àwọn kan nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán ná kẹ́ ẹ tó bínú.

Kò sí ọjọ́ ọjà Àjàṣẹ́ tí a kì í gbọ́ ọ. Ẹnì kan á dé ilé epo, á ra ogójì lítà, á wo owó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á mi orí, á ní: "Mọ́tò ńlá ni. Bó ṣe ń mu nìyẹn. Kí la fẹ́ ṣe sí i?" Àwọn tó dúró síbẹ̀ á ní ìjọba ni. Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, kálukú á wọ mọ́tò rẹ̀, ó di ọjọ́ ọjà mìíràn.

Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀. A ò ní kẹ́ ẹ má bú ìjọba o. Àmọ́ nínú epo tí píkọ́ọ̀pù wa ń mu, apá kan wà tí kì í ṣe ìjọba ló mu ún, kì í sì í ṣe títóbi mọ́tò ló mu ún. Àwa la dà á nù, àwa àti mẹkáníìkì wa. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún ìjọba ní tiwọn. Kó tó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, iye tí ìjọba fi lé lítà kan ò tó ₦200. Kí oṣù Keje ọdún yẹn tó parí, ó ti lé ní ₦600. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi àgbẹ̀ kankan. Ọ̀nà náà ńkọ́? Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ tó ti Ìlọrin gba Àjàṣẹ́ wá sí Ọ̀mù-Àrán, tó ń lọ sí Ẹ̀gbẹ̀ àti Kàbà, ẹ̀yin tí ẹ ń nà án mọ ibi tí ihò ti ń kí yín káàbọ̀. Gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ti tẹ búréèkì nítorí ihò, tẹ́ ẹ tún tẹ iná kí mọ́tò lè sáré padà, epo ló ń bá a lọ. Èyí náà kì í ṣe ẹ̀bi yín.

A ti gbà. Ṣùgbọ́n ṣé ìjọba ló yọ thermostat kúrò nínú ẹ́ńjìnnì yín? Ṣé Abuja ni wọ́n ti wá jó afẹ́fẹ́ inú táyà yín? Ṣé gómìnà ló ní kẹ́ ẹ máa gbé ìdajì oko kiri lẹ́yìn mọ́tò tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ lófìfo?

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ ÀWA FÚNRA WA

Àwa mẹ́ta la da owó pọ̀, a ra píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan, ẹlẹ́ńjìnnì V8. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí a fi rí i pé owó epo ń jẹ èrè iṣu tán. Àwa náà ń sọ ọ́ bí gbogbo èèyàn: "Mọ́tò ńlá ni."

Ọ̀kan nínú wa ló ní ká wọ̀n ọ́n. A rọ epo kún táǹkì títí ẹnu, a kọ iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sínú ìwé. A fi mọ́tò náà ṣiṣẹ́ wa bí a ṣe ń ṣe. Nígbà tí a padà dé ilé epo kan náà, a tún rọ ọ́ kún títí ẹnu. Iye kìlómítà tí a rìn, a fi iye lítà tó wọlé pín in. Kìlómítà mẹ́rin péré ni lítà kan gbé wa.

Ẹ gbọ́ o. Nínú ìwé ìdánwò ìjọba Amẹ́ríkà, irú píkọ́ọ̀pù ńlá bíi Toyota Tundra ẹlẹ́ńjìnnì 5.7 ń rin nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà sí lítà kan. Òótọ́ ni pé ìdánwò yẹn ò ní ihò, kò sì ní iṣu lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó máa retí kí tiwa rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n láti mẹ́fà bọ́ sí mẹ́rin ti pọ̀ jù. Ohun kan ń mu epo níbẹ̀ tí kì í ṣe V8.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ mọ́tò wò. Ó so ó mọ́ mọ́tò, ó wò ó, ó ní: "Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá, ẹ́ńjìnnì yín ò gbóná o. Ta ló yọ thermostat?"

A padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó ń bá wa tún un ṣe tẹ́lẹ̀. Kò tilẹ̀ jiyàn. Ó ní: "Èmi ni mo yọ ọ́ o. Òyìnbó ṣe é fún ìlú òtútù. Ilẹ̀ wa gbóná, kò wúlò níbí." Kò purọ́ fún wa, ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ ló ń sọ. Ọgọ́ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì ló gbà á gbọ́ títí di òní, ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ ká dáhùn ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣé Sọ́díà náà kì í gbóná ni? Ooru Sọ́díà ju ti Ọ̀mù-Àrán lọ fíìfíì, Hilux sì kún ibẹ̀, pẹ̀lú thermostat nínú rẹ̀. Iṣẹ́ thermostat kì í ṣe láti bá òtútù ìta jà. Ilẹ̀kùn kékeré ni, ọ̀nà omi rédíétọ̀ ló ń ṣọ́. Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, á ti ilẹ̀kùn kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, èyí tó sábà máa ń wà láàárín 80 sí 95 lórí ìwọ̀n Celsius. Tó bá dé ibẹ̀, á ṣílẹ̀kùn kí omi lè máa yí ká. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, omi á máa yí ká láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì ò sì ní tètè gbóná tó. Kọ̀ǹpútà mọ́tò á máa rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná, á sì máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wá fi àárọ̀ ọyẹ́ kún un. Ní àkókò ọyẹ́, tẹ́ ẹ bá ń ti Èsìẹ́ lọ sí Ọ̀mù-Àrán lásán, ẹ lè dé ibẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì náà má tíì gbóná tó rárá.

Kí ló wá dé tí mọ́tò fi ń gbóná jù, tí mẹkáníìkì fi ń yọ ọ́? Ó lè jẹ́ rédíétọ̀ tó ti dí, fáànù tí kò ṣiṣẹ́, ìdérí rédíétọ̀ tó ti rọ, tàbí omi kànga tí à ń dà sí i dípò coolant, tó ń sọ inú rẹ̀ di ìpẹtà. Ẹni tó yọ thermostat ò wo àrùn náà sàn. Ó dà bí ẹni tí ara ọmọ ń gbóná, tó wá lọ ju ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru ara nù.

A ra tuntun, a fọ rédíétọ̀, a da coolant tó yẹ sí i. A tún àwọn nǹkan mìíràn tí a máa sọ nísàlẹ̀ yìí ṣe. A tún wọ̀n ọ́n. Kìlómítà márùn-ún ni lítà kan ń gbé wa báyìí.

Ẹnì kan á ní kìlómítà kan ṣoṣo kọ́ lẹ̀ ń pariwo rẹ̀ yìí? Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní àlọ àti àbọ̀ yín jẹ́ 160 kìlómítà. Ní mẹ́rin sí lítà, 40 lítà nìyẹn. Ní márùn-ún sí lítà, 32 lítà ni. Lítà mẹ́jọ ló yọ. Tẹ́ ẹ bá ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lóṣù kan ó di 64 lítà. Ká fi ₦1,000 ṣírò lítà kan kó lè rọrùn: ₦64,000 lóṣù. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ebè mélòó lẹ máa kọ kẹ́ ẹ tó rí èrè ₦64,000?

INÁ TÍ A FI TÉÈPÙ BÒ

Iná Check Engine ló tún kàn. A ti rí mọ́tò tí wọ́n fi téèpù dúdú lẹ iná náà kó má bàa máa da dẹ́rẹ́bà láàmú. A ti rí èyí tí rewáyà gé wáyà rẹ̀ dà nù. Ẹni tí ajá rẹ̀ ń gbó olè, tó wá lọ di ajá lẹ́nu!

Iná yẹn lè máa sọ pé oxygen sensor ti kú. Ara páìpù èéfín ló wà, òun ló ń tọ́ èéfín wò tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bóyá epo ti pọ̀ jù tàbí ó kéré. Tó bá kú, kọ̀ǹpútà á máa fojú bu epo. Àwọn elétò ọ̀rọ̀ epo ní Amẹ́ríkà sọ pé títún irú ìbàjẹ́ ńlá báyìí ṣe lè mú ìrìn mọ́tò lórí epo dára sí i tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe gbogbo mọ́tò ló máa rí tó bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò sí oògùn kankan nínú ìgò tó lè ṣe ìdajì rẹ̀.

Àwọn kan tún ń kiri, wọ́n ń ra catalytic tó wà lábẹ́ mọ́tò. Wọ́n á fún yín lówó, wọ́n á gé e, wọ́n á jó páìpù lásán sí i, wọ́n á ní mọ́tò á túbọ̀ lágbára. Ẹ bi ara yín: tí kò bá níye lórí, kí ló dé tí wọ́n ń fi owó ra á lọ́wọ́ yín? Wúrà àwọn òyìnbó ló wà nínú rẹ̀, Platinum àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá ti gbé e lọ, iná Check Engine á tàn tí kò ní kú mọ́. Lọ́jọ́ tí ohun gidi bá wá bàjẹ́, ẹ ò ní mọ̀.

TÁYÀ, ẸRÙ ÀTI ẸSẸ̀ DẸ́RẸ́BÀ

Táyà: fọkanáísà á fi ẹsẹ̀ ta á, á ní "ó ti tó." Ẹsẹ̀ kì í wọn afẹ́fẹ́. Ìwọ̀n tó yẹ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, bó ṣe yẹ kó rí tí ẹrù bá wà náà sì wà nínú ìwé mọ́tò. Ẹ ra ohun ìwọ̀n tiyín, kò wọ́n. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí táyà tó gbóná. Ká má purọ́, epo tí táyà tó rọ̀ ń jẹ kò pọ̀ púpọ̀: tó bá fi psi mẹ́wàá dín, nǹkan bíi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ṣùgbọ́n táyà tó rọ̀ lábẹ́ ẹrù iṣu, tí obìnrin mẹ́rin tún jókòó sórí ẹrù, ẹ mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ẹ̀mí ò láàrọ̀.

Ẹrù: à ń di iṣu ga ju orí mọ́tò lọ, à ń so kẹ̀kẹ́ àti agbọ̀n mọ́ ọn. Ohun tó bá yọ sókè bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ni mọ́tò ń bá jà láti Ọ̀mù-Àrán dé Ìlọrin. Ẹ tò ó sílẹ̀, kó tẹ́jú, kẹ́ ẹ fi tapólì bò ó, kẹ́ ẹ fà á le. Tapólì tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi ni, ẹ̀yìn ló ń fa mọ́tò sí.

Tẹ́ ẹ bá wá tà tán, ẹ sọ ẹ̀yìn mọ́tò kalẹ̀. A yẹ tiwa wò lọ́jọ́ kan: ẹ̀rọ tó ń fa omi tó ti bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá, àpò ajílẹ̀ méjì tí òjò ti pa, irin hárò, táyà méjì tí kò wúlò mọ́. Lọ́jọ́ ọjà gbogbo ni à ń fi owó epo gbé wọn lọ wo Ìlọrin, a tún ń gbé wọn bọ̀.

Iyára: tí mọ́tò bá ti kọjá 80 kìlómítà ní wákàtí kan, epo tó ń mu á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè kíákíá. Dẹ́rẹ́bà tó ń sáré dé ẹnu ihò, tó tẹ búréèkì gbì, tó tún tẹ iná mọ́lẹ̀, kò dé ṣáájú ẹni tó ń rọra. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n jọ ń dé ẹnu ọjà, epo nìkan ló yàtọ̀.

Dídúró láìpaná: à ń kó àgbàdo sínú mọ́tò lóko, ẹ́ńjìnnì ń dún, éésì ń fẹ́, dẹ́rẹ́bà sùn sí iwájú. Mọ́tò tó dúró sójú kan bẹ́ẹ̀ lè mu lítà kan sí méjì ní wákàtí kan, kò sì kúrò níbi tó wà. Ẹ paná!

4x4: inú ẹrẹ̀ la ṣe é fún. Tẹ́ ẹ bá ti jáde sórí ọ̀dà, ẹ yọ ọ́. Ẹni tó fi í sílẹ̀ lórí títì gbígbẹ ń mu epo kún un, ó sì ń lọ gíà rẹ̀ lulẹ̀. Táyà gìrìwò tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń wọ̀ fún mọ́tò kó lè ga, èyí tó tóbi ju ti ilé iṣẹ́ lọ, epo lòun náà ń jẹ.

Fílítà afẹ́fẹ́: ẹ gbọn eruku rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́. Píjò àtijọ́ tó ń lo kabúrétọ̀ máa ń mu epo sí i tí fílítà bá dí. Àwọn mọ́tò ìsìnyí kì í fi bẹ́ẹ̀ mu sí i, agbára wọn ló ń dín kù. Ẹni tó bá ní fílítà tuntun á dín epo mọ́tò ìsìnyí kù fún yín gan-an, ọjà rẹ̀ ló fẹ́ tà.

ÀWỌN TÓ Ń TA ÌDÁN

Ẹ ti rí wọn lọ́jà, ẹ sì ti rí wọn lórí fóònù. Ọ̀kan ní ká fi kàfúrà, àwọn funfun róbótó tí à ń fi sáàárín aṣọ, sínú táǹkì epo. Èkejì ń ta irin mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń so mọ́ ọ̀nà epo. Ẹ̀kẹta ń ta nǹkan kékeré oníná tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ ìdarí mọ́tò, ó ní á dín epo kù ní ìdajì.

Àjọ EPA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti yẹ irú ohun báyìí tó lé ní ọgọ́rùn-ún wò láti ọdún pípẹ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣe nǹkan kan, ìyẹn náà ò sì tó nǹkan. Ká tiẹ̀ fi òyìnbó sílẹ̀. Tí nǹkan kékeré kan bá lè dín epo kù ní ìdajì, ṣé Toyota ò ní fi sínú mọ́tò láti ilé iṣẹ́ kí wọ́n lè tà ju ẹgbẹ́ wọn lọ? Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra ìdán, ẹ fi ra ohun tí wọ́n fi ń wọn táyà, ẹ fi ra thermostat.

Ọ̀RỌ̀ TÓ DÙN WÁ JÙ

Èyí tí a fẹ́ fi parí ló le jù, torí kì í ṣe ti mẹkáníìkì. Ti ìgbéraga wa ni.

Àwọn bàbá wa fi Píjò 504 píkọ́ọ̀pù kó iṣu àti epo pupa ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà yìí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò tó ìdajì V8 tí à ń rà lónìí. Wọ́n kọ́lé nínú rẹ̀, wọ́n rán ọmọ níléèwé nínú rẹ̀. Lónìí, ẹni tí oko rẹ̀ ò ju éékà mẹ́ta lọ á ta ilẹ̀ kó lè ra gìrìwò Amẹ́ríkà, torí ó fẹ́ kí wọ́n rí òun níbi ìnáwó. Kò burú, owó yín ni. Àmọ́ ẹ má wá sọ́jà wá sọ fún oníbàárà pé epo ló jẹ́ kí iṣu wọ́n. Ẹ sọ òótọ́: gìrìwò ni.

Àwa tó ti rà á ńkọ́? A ò ní kẹ́ ẹ tà á. Ẹ lò ó bí ohun ńlá. Mọ́tò ńlá tó kún dáadáa, láìkọjá agbára rẹ̀, owó epo orí àpò kọ̀ọ̀kan máa ń mọ níwọ̀n. Èyí tó gbé àpò gààrí márùn-ún ló ń pani lẹ́kún. Lọ́jọ́ ọjà Àjàṣẹ́ kan, a ka píkọ́ọ̀pù mẹ́fà tó wá láti àdúgbò kan ṣoṣo. Kò sí èyí tó kún dé ìdajì nínú wọn. Aládùúgbò ni wọ́n, wọ́n jọ ń lọ mọ́sálááṣí, wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò lè jọ kó iṣu sínú mọ́tò kan. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Mọ́tò méjì ì bá kó gbogbo ẹrù yẹn, mẹ́rin ì bá dúró sílé, kí wọ́n sì máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn bí ẹni ń dá ẹ̀ṣọ́.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ fi sínú mọ́tò. Fún oṣù kan péré, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá rọ epo, ẹ rọ ọ́ kún, ẹ kọ iye kìlómítà àti iye lítà. Ẹ bi mẹkáníìkì yín ní ojúkojú: "Ọ̀gá, ṣé thermostat wà nínú mọ́tò mi?" Tó bá rẹ́rìn-ín, ẹ ti rí ìdáhùn yín nìyẹn.

Tó bá di òpin oṣù tí nọ́ńbà yín fi dára, tí ẹ ti ṣe gbogbo èyí, ẹ jẹ́ ká jọ kọjú sí ìjọba lórí ọ̀nà àti owó epo. A máa wà níwájú. Ẹni tó ti gbá ilé tirẹ̀ mọ́ lẹnu rẹ̀ máa ń gbà lójú agbo.

Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí gbogbo onípíkọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ sì sọ iye kìlómítà tí lítà kan ń gbé yín. Ẹ má fi kún un o!

Ire o. Oko á dára.